Ojú kì í ka gbogbo nǹkan: ohun tí Lemi, Emokpae àti Akinkunmi mọ̀ tí èmi ò mọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi ni mo ṣe bánà kan ní Gowon Estate tí ẹnikẹ́ni ò kà.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan ní àdúgbò wa fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe bánà tí wọ́n máa so sí ojú ọ̀nà tó lọ sí ọjà. Inú mi dùn, mo ṣí láàpútọ́ọ̀pù mi, mo sì kó gbogbo ohun tí wọ́n fún mi síbẹ̀: orúkọ ẹgbẹ́, lógò mẹ́ta, fọ́tò alága, fọ́tò igbákejì alága, fọ́tò akọ̀wé, fọ́tò ìyá ẹgbẹ́, àkòrí ọdún náà, ọjọ́, àsìkò, ibi tó ti máa wáyé, àti nọ́ńbà fóònù mẹ́rin. Nígbà tí mo kà á lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ 74 ló wà lórí ẹ̀. Mo fi pupa, búlúù, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé kùn ún. Mo tún fi òjìji sí ìdí gbogbo lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, alága ní, "Ọmọ yìí, iṣẹ́ pọ̀ níbí o!" Mo rò pé ìyìn ni.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò náà, àwọn nọ́ọ̀sì jókòó títí, àwọn tó wá ò pọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn.

Abẹ́ bánà yẹn gan-an ni bàbá fọkanáísà àdúgbò wa máa ń jókòó sí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé bàbá dè. Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru tipẹ́, wọn ò kàn mọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru sì ṣe rí: lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í fi àmì kankan hàn. Àfi kéèyàn yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ara wọn ti ń mókun, mo lọ kí wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ewu o. Ṣé ẹ ò rí bánà àyẹ̀wò tá a so sókè orí yín nígbà yẹn ni?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Mo rí i o, ọmọ mi. Mo rò pé ti ìsọjí ni."

Mi ò lè sọ pé bí bàbá bá ka bánà yẹn, àìsàn náà ò ní ṣe wọ́n. Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ojoojúmọ́ ni bánà mi wà lókè orí wọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i, síbẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí ojú ṣe ń ṣiṣẹ́, tí mo sì tún wo iṣẹ́ àwọn àgbà dìsáínà wa dáadáa. Èrò mi rèé: ohun tó mú iṣẹ́ wọn yàtọ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn ọwọ́ nìkan. Wọ́n mọ iye àsìkò tí ojú ní.

Ojú ò ní àsìkò tó bí ẹ ṣe rò

Ẹ na apá yín síwájú tààrà, kí ẹ wo èékánná àtàǹpàkò yín. Ibi tó tó nǹkan bí èékánná yẹn péré ni ojú wa ń rí kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ibi tó kù ṣú díẹ̀, ọpọlọ ló kàn ń bá wa tún un ṣe. Kòtò kékeré kan ló wà ní ẹ̀yìn ojú, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rí nǹkan kedere ti fún pọ̀. Lẹ́tà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò bá bọ́ síbẹ̀, a lè mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, a ò ní lè kà á.

Torí náà ojú máa ń fò. Ó máa ń fò tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì máa ń balẹ̀ sí ibi kan kó tó tún fò lọ síbòmíì. Ibi tí kò bá balẹ̀ sí, ó di dandan kó pàdánù ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní dánfó kan ń bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá, tó ń sá eré kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ mítà 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí lẹ́tà bánà bá ṣeé kà láti mítà 30, èrò inú ọkọ̀ ò ní ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ kí ọkọ̀ tó kọjá. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń ka ìwé lè ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, ọ̀rọ̀ 12 nìyẹn. Ẹ wá rò ó pé ọkọ̀ ń já sí kòtò, kọ̀ǹdọ́ ń pariwo, oníbúrẹ́dì na búrẹ́dì wọlé láti ojú fèrèsé. Bí a bá rí ọ̀rọ̀ mẹ́fà kà, ká dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ 74 ni mo kọ. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò fẹ́ kà á. Wọn ò lè kà á ni.

Ti àwọ̀ náà ńkọ́? Ìyàtọ̀ láàárín ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn ni ojú fi ń mọ etí lẹ́tà, ju bó ṣe ń fi àwọ̀ mọ̀ ọ́n lọ. Lẹ́tà pupa lórí búlúù lè dà bí ẹni pé ó lágbára lójú dìsáínà, ṣùgbọ́n bí àwọ̀ méjèèjì bá ṣókùnkùn bákan náà, ṣe ni etí lẹ́tà máa ń rá, táá máa gbọ̀n lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹ fi fóònù yín ya bánà èyíkéyìí, kí ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Bí ọ̀rọ̀ orí ẹ̀ bá pòórá, iṣẹ́ yẹn ti kú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí bánà tèmi. Fọ́tò alága nìkan ló kù.

Bàbá Akinkunmi: àwòrán tí afẹ́fẹ́ ò lè bàjẹ́

Ọdún 1936 ni wọ́n bí Taiwo Akinkunmi. Kì í ṣe ayàwòrán. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ya àsíá fún Nàìjíríà tó fẹ́ gba òmìnira. Ó ya tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́, òun ni wọ́n mú. Ní October 1, 1960, wọ́n ta á sókè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé àwòrán tí bàbá fi ránṣẹ́ ní oòrùn pupa kan láàárín àwọ̀ funfun. Àwọn onídàájọ́ yọ ọ́ kúrò. Ó ku àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé.

Lójú tèmi, yíyọ yẹn ló jẹ́ kí àsíá náà lágbára tó bó ṣe lágbára. Ẹ rò ó wò: orí òpó ni àsíá ń gbé. Afẹ́fẹ́ máa ń ká a kò, òjò máa ń pa á, ọ̀nà jíjìn la sì ti ń wò ó. Oòrùn kékeré tó ní ìtànṣán máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ nígbà tí aṣọ bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìlà mẹ́ta gbọọrọ kì í fọ́. Funfun wà láàárín àwọ̀ ewé méjì tó ṣókùnkùn jù ú lọ, torí náà bí ẹ bá tiẹ̀ sọ ọ́ di dúdú àti funfun, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì máa hàn. Ọmọ jẹ́léósinmi lè yà á láìwo ibì kankan. Bàbá papò dà ní Ìbàdàn ní August 2023, àmọ́ kò sí iléèwé tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ò sí lónìí.

Emokpae: ojú tó ń wo ojú

Ẹnì kejì ni Erhabor Emokpae, tí wọ́n bí ní 1934, tó sì kú ní 1984. Òun ló ṣe àmì FESTAC 77, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé ní Èkó láti January 15 sí February 12, 1977. Orúkọ àjọ̀dún yẹn náà ni wọ́n fi sọ Festac Town tí dánfó ń lọ lójoojúmọ́.

Ojú Ìyá Ọba Idia ti Bìní ló fi ṣe é, ìyẹn agbójú tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rin kí àjọ̀dún náà tó wáyé. Ní 1897, àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó agbójú náà lọ nígbà tí wọ́n ya wọ Bìní. Nàìjíríà bẹ British Museum pé kí wọ́n yá wa lò fún àjọ̀dún náà. Wọn ò gbà.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà níbẹ̀ rèé. Ọpọlọ èèyàn ní ibì kan tó jẹ́ pé ojú èèyàn ni iṣẹ́ rẹ̀ gangan. Ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí máa ń tẹjú mọ́ àwòrán tó jọ ojú èèyàn ju èyí tí kò jọ ọ́ lọ. A kì í fi agbára wá ojú, òun ló máa ń wá wa rí. Emokpae fi ojú kan ṣoṣo, tó kọjú sí wa tààrà, tí ọ̀tún bá òsì mu, ṣe àmì tí wọ́n lè tẹ̀ sí ara aṣọ, sí ara ìwé, kí wọ́n sì tún gbé e sára ilé. Kékeré ni o, ńlá ni o, ojú náà ṣì ni.

Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Agbójú gangan wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní, wọ́n tì í mọ́nú gíláàsì. Àmọ́ ojú náà ti padà wálé nípa iṣẹ́ dìsáínà, torí pé àwọn ìyá wa fi rán aṣọ, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ ọjà.

Lemi: ẹni tí mo kọ́kọ́ ṣì í lóye

Ní báyìí o, ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣé ohun tó o ń sọ ni pé kí iṣẹ́ ṣáà ti kéré?" Rárá. Lemi Ghariokwu ni ìdáhùn mi.

Èkó ni wọ́n bí Lemi sí ní 1955. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ni. Ọ̀dọ́langba ni nígbà tí akọ̀ròyìn kan rí àwòrán Bruce Lee tó yà, tó sì mú un lọ bá Fela Aníkúlápó-Kútì. Páálí àwo Alagbon Close ti 1974 ló kọ́kọ́ yà fún Fela, gbogbo ẹ̀ sì di 26 nígbẹ̀yìn. Bí ẹ bá wo páálí Alagbon Close, ẹ máa rí Fela tó ti já ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀, ẹ máa rí ilé ẹ̀wọ̀n, ẹ máa rí àbùùbùtán tó dojú ọkọ̀ ojú omi ọlọ́pàá dé. Lórí Yellow Fever ti 1976, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìpara ìbóra ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Lórí Beasts of No Nation, àwọn olórí ìjọba ti yọ ìwo lórí. Nǹkan pọ̀ níbẹ̀ bí ọjà Òṣòdì.

Nígbà tí mo ń ṣe bánà mi yẹn, Lemi ni mo fi ń dá ara mi láre. Mo ní, "Ṣebí Lemi náà ń kó nǹkan jọ." Ohun tí mi ò rò ni pé páálí àwo ò sí lójú ọ̀nà. Ọwọ́ èèyàn ló wà. Páálí náà fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 31 níbùú lóròó, orin Fela kan sì lè gbà tó iṣẹ́jú 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ra àwo náà máa jókòó, á fi í sórí ẹ̀rọ, á gbé páálí náà lé ẹsẹ̀, á sì máa wò ó títí orin máa fi tán. Kò sí tẹlifóònù lọ́wọ́ ẹ̀ tó máa pín ọkàn ẹ̀ níyà. Lemi mọ̀ pé ojú yẹn ní ìṣẹ́jú tó pọ̀, ló bá pèsè oúnjẹ tó pọ̀ fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, o máa rí Fela. Lọ́jọ́ kejì, o máa rí àbùùbùtán. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, o tún máa rí nǹkan tuntun.

Ohun kejì ni pé Lemi ní èrò tirẹ̀. Ó máa ń gbọ́ orin náà, á sì fi àwòrán sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò nípa ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Fela kò gba páálí tó yà fún Sorrow Tears and Blood, wọ́n pínyà fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó tún padà ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tí kò ní èrò kankan, kí ló máa fa ìyapa láàárín òun àti oníbàárà?

Kí ló so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀?

Iṣẹ́ wọn ò jọra. Ọ̀kan yọ nǹkan kúrò, ọ̀kan mú ojú kan ṣoṣo, ọ̀kan kó ayé jọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni mo rí pé iṣẹ́ wọn dáhùn: ta ló máa wò ó, níbo ló máa dúró, fún ìgbà wo? Àsíá wà fún ojú tó wà lọ́nà jíjìn. Àmì FESTAC wà fún ojú tó máa pàdé rẹ̀ níbi gbogbo, lákòókò díẹ̀díẹ̀. Páálí àwo wà fún ojú tó jókòó.

Èmi ṣe páálí àwo, mo wá so ó sójú títì.

Ẹjọ́ àwọn oníbàárà àti ti AI

Mo mọ ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ní Ìpájà àti Ìkọ̀tún máa sọ. "Ẹ̀gbọ́n, alága ló ni owó. Bí fọ́tò ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, kò ní sanwó." Òótọ́ ni. Mi ò ní kí ẹ bá alága jà. Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń pín iṣẹ́ sí méjì. Bánà ojú títì gba ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Handbill tí wọ́n máa fi lé èèyàn lọ́wọ́ gba gbogbo ẹbí alága, àti lógò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ẹni tó mú un dání ní àsìkò. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Dádì, níbi tí wọ́n ti máa rí yín dáadáa ni mo fi yín sí." Kò sí èyí tó tíì bínú.

Ti AI ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń bẹ̀rù pé ó máa gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀rọ yẹn kẹ́kọ̀ọ́ láti ara àìmọye àwòrán tó ti wà nílẹ̀, torí náà bí ẹ ò bá ṣàlàyé fún un dáadáa, ohun tó wọ́pọ̀ jù ló máa ń gbé jáde. Bí iṣẹ́ tiwa náà bá ṣe jẹ́ ohun tó wọ́pọ̀ jù, tá a kàn ń pààrọ̀ orúkọ lórí template, a jẹ́ pé ó ti gbà á tán nìyẹn. Àmọ́ AI ò mọ̀ pé ìbòòji igi máa ń bo apá òsì bánà yẹn láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò mọ̀ pé bàbá fọkanáísà ò rí lẹ́tà wínníwínní mọ́. Ẹni tó bá rìn dé ibẹ̀ nìkan ló lè mọ̀.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ tiwa. Ẹ yan fọ́ǹtì tó mọ èdè yín. Nínú kọ̀ǹpútà, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" tó ní ohùn lórí ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. "Ẹ" àti àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà máa so pọ̀, fọ́ǹtì ló sì máa mọ ibi tó máa gbé àmì náà lé. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe fún irú iṣẹ́ yìí á fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó gbé àpótí òfìfo wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa wá pa àmì rẹ́ kí wàhálà lè tán. Àmọ́ "oko" lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ ọkọ̀, ó lè jẹ́ ọkọ. Àìríkà ti ń yọ wá lẹ́nu, ẹ má jẹ́ ká fi àṣìkà kún un. Noto ti Google wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì gbé àmì wa dáadáa.

Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ yẹn tún fẹ́ ṣe àyẹ̀wò. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́tà dúdú lórí yẹ́lò ni mo lò. Àwọn tó ń ṣe síáìn bọ́ọ̀dù ní òfin kan: kí lẹ́tà ga tó ìdá kan nínú 120 ọ̀nà tí wọ́n ti máa kà á. Fún mítà 30, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí ẹ̀ ni:

ṢÉ Ẹ̀JẸ̀ YÍN Ń RU?
Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, Sátidé.

Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo tẹ ọ̀kan kékeré sórí bébà, mo gbé e lọ bá bàbá fọkanáísà. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn báyìí, ọmọ iṣẹ́ wọn ló ń lẹ táyà. Mo dúró sí òdìkejì títì, mo gbé bébà náà sókè, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo sì gbé e wálẹ̀. Mo sọdá lọ bá wọn.

"Bàbá, kí lẹ rí?"

"Wọ́n ń bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ mi ń ru." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Sọ fún wọn pé ó ru."

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, wọ́n jókòó ní ààyè wọn lábẹ́ bánà, wọ́n sì ń fi ọ̀pá wọn júwe ibi àyẹ̀wò fún gbogbo ẹni tó bá dúró kà á.

Torí náà, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí tó tẹ iṣẹ́ yín tó kàn jáde, ẹ wá ẹnì kan tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ jìnnà sí i tó bí ojú ọ̀nà ṣe fẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá ní ìsọjí ni, ẹ padà sílé lọ tún un ṣe.